Ìwé Tí A Kọ Sí Ẹni Tó Kọ Ìwé



Ìbéèrè tí a fẹ́ jọ rò nìyí. Bí ẹnì kan bá kọ ìtàn, tí a kà á, tí inú wa dùn sí i tàbí tí inú bí wa, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a kọ ìwé sí ẹni náà? Bí ó bá tọ́, kí ni a lè sọ fún un? Ṣé a lè yìn ín? Ṣé a lè bá a wí? Ṣé a tilẹ̀ lè pàṣẹ fún un pé, "Má ṣe jẹ́ kí ẹni yìí kú nínú ìtàn rẹ"?

Ẹlòmíràn á ní ọ̀rọ̀ yìí kò kan àgbẹ̀ Kpankou. Á ní àgbàdo ló kan òun, ẹ̀gẹ́ ló kan òun. Ṣùgbọ́n ó kàn wá. Ẹni tí kò mọ ìwé, etí nìkan ló ní. Ohun tí ìwé bá wí ni wọ́n ń kà fún un. Kò lè fèsì. Ẹni tó mọ ìwé kà, tó sì mọ̀ ọ́n kọ, ó ní etí, ó sì ní ẹnu. Ó lè dá ẹni tó kọ ìwé lóhùn, bí ẹni náà tilẹ̀ wà ní Kútọnu, tàbí ní Èkó, tàbí ní òkè òkun.

Ẹni tó bá sì ní ẹnu, ó yẹ kó mọ bí a ti ń lò ó. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ń sọ. Ọ̀rọ̀ inú ìwé tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyin tó fọ́, a lè gbá a dànù. Ìwé tí a kọ, wọ́n lè fi pamọ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún.

ÌTÀN TÓ Ń GBÉ ỌKÀN SÓKÈ

Oríṣiríṣi ìtàn ló wà. A ń ka òmíràn láti mọ bí wọ́n ṣe tẹ ìlú dó. A ń ka òmíràn láti kọ́ iṣẹ́. Èyí tí à ń sọ níhìn-ín ni ìtàn tó ń gbé ọkàn sókè. Wọ́n pa ẹnì kan, a kò mọ ẹni tó pa á. Owó sọnù, a kò mọ ẹni tó kó o. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń wá a, àwa tí à ń kàwé náà ń bá a wá a. Bí a ti ń ṣí ewé ìwé ni àyà wa ń já.

Ní Nàìjíríà, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ irú ìtàn yìí ní èdè wa. Ó tẹ Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969, ó sì tẹ Àgbàlagbà Akàn jáde ní 1971. Nínú ìwé méjèèjì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lápàdé ló ń tọpa àwọn ọ̀daràn. Kọ́lá Akínlàdé náà kọ irú rẹ̀. Ní apá ọ̀dọ̀ tiwa, Félix Couchoro, tí wọ́n bí ní Wídà ní 1900, kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìtàn ní èdè Faransé. Ní àwọn ọdún 1960, ìwé ìròyìn Togo-Presse ní Lómé ń tẹ ìtàn rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ "díẹ̀díẹ̀" yìí dáadáa. Bí wọ́n bá tẹ apá kan lónìí, òǹkàwé á dúró de apá kejì. Ó dà bí ìgbà tí ìyá àgbà ń pàlọ́. Ìjàpá wà lórí igi, ajá wà nísàlẹ̀. Ìyá àgbà wá ní, "Ilẹ̀ ti ṣú, ẹ lọ sùn." Ta ni yóò rí oorun sùn? Àwọn ọmọ á máa bẹ ìyá àgbà. Òmíràn á ní kó má jẹ́ kí ajá pa Ìjàpá. Òmíràn á ní kí ajá pa olè náà jẹ. Ohun tí àwọn ọmọ ń fi ẹnu ṣe ni òǹkàwé ń fi bírò ṣe.

ỌKÙNRIN TÍ KÒ SÍ, TÍ WỌ́N ṢỌ̀FỌ̀ RẸ̀

Dókítà kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Arthur Conan Doyle. Wọ́n bí i ní 1859. Ní 1887 ó tẹ ìtàn kan jáde nípa ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tó ń jẹ́ Sherlock Holmes. Holmes kì í ṣe ènìyàn tó wà láyé rí. Inú ọkàn Conan Doyle ni ó ti jáde. Ṣùgbọ́n bí Holmes bá wo ẹrẹ̀ tó wà lára bàtà ènìyàn, á mọ ibi tí ẹni náà ti ń bọ̀. Láti 1891, ìwé ìròyìn olóṣooṣù kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Strand Magazine, ń tẹ ìtàn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ènìyàn ń dúró dè é bí ẹni dúró de òjò.

Ṣùgbọ́n Holmes sú ẹni tó ń kọ ọ́. Conan Doyle fẹ́ràn láti máa kọ ìtàn nípa ogun àtijọ́. Ó gbà pé ìyẹn ni iṣẹ́ gidi òun, àti pé Holmes kò jẹ́ kí òun ráyè. Ní 1891 ó kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ pé òun ń rò ó láti pa Holmes. Ìyá rẹ̀ ní kó má dán an wò. Ó gbọ́ ti ìyá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1893, ó pa á. Nínú ìtàn náà, Holmes bá ọ̀tá rẹ̀ jà létí omi ńlá kan tó ń já láti orí òkè ní ilẹ̀ Súwísì, a kò sì rí i mọ́.

Ariwo sọ. Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tọ Conan Doyle lọ. Àwọn kan ń sunkún nínú ìwé wọn. Àwọn kan ń bẹ̀ ẹ́. Àwọn kan ń bú u. Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nígbà tó dàgbà pé obìnrin kan kọ̀wé sí òun, ọ̀rọ̀ tó sì fi bẹ̀rẹ̀ ìwé náà ni pé ó pe òun ní ẹranko. Wọ́n máa ń sọ pé àwọn tó lé ní 20,000 ni kò ra ìwé ìròyìn náà mọ́.

Ọdún ń gorí ọdún, Holmes kò jí. Ní 1901, Conan Doyle tún mú ìtàn Holmes kan jáde, ṣùgbọ́n ó ní ó ti ṣẹlẹ̀ kí Holmes tó kú. Ní 1903 ni ó wá jí i dìde pátápátá. Ó ní Holmes kò jábọ́ sínú omi rárá, pé ó sá pamọ́ ni. Ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà ti fi owó ńlá lọ̀ ọ́ kó tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ta ló jàre? Ṣé àwọn òǹkàwé ni, àbí Conan Doyle?

OHUN MẸ́TA TÓ YÀTỌ̀ SÍRA

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá amọ̀kòkò ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá náà mọ ìkòkò, a rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni a lè ṣe.

Èkíní, a lè sọ fún un pé, "Ìyá, ìkòkò yìí ń jò." Òótọ́ ni a sọ. A ran ìyá lọ́wọ́, nítorí pé ìkòkò tí yóò mọ lọ́la yóò dára ju ti òní lọ.

Èkejì, a lè dákẹ́ kí a má rà á mọ́. Owó wa ni. Kò sí ẹni tó lè fi tipátipá mú wa ra ìkòkò.

Ẹ̀kẹta, a lè sọ fún un pé, "Ìkòkò ọbẹ̀ nìkan ni kí ẹ máa mọ títí ẹ ó fi kú. Bí ẹ bá mọ agbada, ẹranko ni yín." Níhìn-ín ni a ti kọjá àyè wa. Owó ìkòkò kan ni a san. A kò san owó ayé ìyá náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìtàn. Àwọn tó kọ̀wé pé ikú Holmes dun àwọn, wọ́n sọ òótọ́ inú wọn. Kò sí àìdáa níbẹ̀. Ìyìn ńlá tilẹ̀ ni fún òǹkọ̀wé, pé ó dá ènìyàn tí kò sí, tí àwọn tó wà sì ń sunkún rẹ̀. Àwọn tí kò ra ìwé ìròyìn mọ́ náà kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó pe ẹlòmíràn ní ẹranko nítorí ìtàn, ó fi ènìyàn tó ń mí gbẹ̀san ènìyàn tí kò mí rí. Ìyẹn kò tọ́.

Ẹnì kan lè ní, "Àwa òǹkàwé ló sọ Conan Doyle di olówó. Ṣé kò jẹ wá ní gbèsè ni?" Ó jẹ wá. Ṣùgbọ́n gbèsè wo? Ó jẹ wá ní iṣẹ́ tó dára, tí kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Kò jẹ wá ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Àgbẹ̀ tó gbin ẹ̀gẹ́ fún ogún ọdún, tó bá fẹ́ gbin ẹ̀wà, ta ni yóò bá a jà?

OBÌNRIN ÈKÓ TÍ WỌ́N FI OWÓ RÁNṢẸ́ SÍ

Nǹkan tó jọ èyí ṣẹlẹ̀ nítòsí wa, ní èdè wa. Ọkùnrin kan wà ní Èkó tó ń jẹ́ Isaac B. Thomas. Òun ló ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó, òun náà sì ni olóòtú rẹ̀. Ní 1929, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn ìwé kan jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìwé náà dà bí èyí tí obìnrin kan kọ sí olóòtú. Obìnrin náà pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Ó ní òun ti fi ìgbà èwe òun ṣe aṣẹ́wó ní Èkó. Ó ní òun ti di arúgbó báyìí, àìsàn ti dá òun gúnlẹ̀, owó ti tán, àwọn ọkùnrin ti sá. Ó ní òun ń sọ ìtàn ìgbésí ayé òun kí àwọn ọmọbìnrin má bàa tẹ̀lé ọ̀nà òun.

Ìtàn yìí kì í ṣe ti ọlọ́pàá àti olè, ṣùgbọ́n ó gbé ọkàn sókè bákan náà. Láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni Èkó ń dúró dè é. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé Ṣẹ̀gilọlá wà láàyè. Wọ́n kọ̀wé sí ìwé ìròyìn náà láti bá a kẹ́dùn. Wọ́n yìn ín pé ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́gbọ́n. A tilẹ̀ rí nínú wọn tó fi owó ránṣẹ́ sí i. Ìtàn náà parí ní 1930, ó sì di ìwé ní ọdún kan náà. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Thomas fúnra rẹ̀ ló kọ gbogbo rẹ̀. Kò sí Ṣẹ̀gilọlá kankan.

Níhìn-ín ìbéèrè wa yí padà. Ní ti Conan Doyle, gbogbo ènìyàn mọ ẹni tó kọ ìtàn. Ní ti Thomas, òǹkàwé rò pé òótọ́ ni. Ǹjẹ́ ó dára bẹ́ẹ̀?

Àwọn kan á ní ó dára. Wọ́n á ní ìtàn àròsọ ni gbogbo àlọ́, kò sì sí ẹni tó pe apàlọ́ ní onírọ́. Wọ́n á ní bí a bá ti mọ̀ pé kò sí Ṣẹ̀gilọlá, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kì bá tí wọ ẹnikẹ́ni létí.

Ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Nígbà tí apàlọ́ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó máa ń ké pé, "Ààlọ́ o!" Àwa náà á dáhùn pé, "Ààlọ̀!" Igbe yẹn ni àdéhùn. Ó fi yé wa pé ẹnu ọ̀nà àlọ́ nìyí, kí a wọlé pẹ̀lú ìmọ̀ wa. Ní Akéde Èkó, wọn kò ké "Ààlọ́ o." Nítorí náà ẹni tó fi owó ránṣẹ́ kò mọ̀ pé inú àlọ́ ni òun wà.

Ǹjẹ́ a lè pe ẹni tó fi owó ránṣẹ́ ní òmùgọ̀? Rárá. Àánú rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Bí Ṣẹ̀gilọlá kò tilẹ̀ sí, àwọn obìnrin arúgbó tí àìsàn dá gúnlẹ̀, tí kò ní olùrànlọ́wọ́, wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ̀wé jẹ gbèsè òtítọ́. Bí ìtàn bá ń mú ọkàn ènìyàn gbóná, ó dára. Bí ó bá ti ń ṣí àpò ènìyàn, ó tó àkókò láti sọ pé àlọ́ ni.

Ẹ̀kọ́ wà nínú èyí fún wa lónìí. A ń gbọ́ ìtàn ìyà lórí rédíò, a ń rí i lórí tẹlifóònù. Òmíràn jẹ́ òótọ́, òmíràn jẹ́ àlọ́ tí wọn kò ké "Ààlọ́ o" síwájú rẹ̀. Kí a tó fi owó ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ kọ ìwé tó ń béèrè ọ̀rọ̀: Níbo ló ń gbé? Ta ló mọ̀ ọ́n? Ìwé tó ń béèrè kì í ṣe ìwé ọ̀tá.

ÌWÉ TÓ GBA ÈNÌYÀN SÍLẸ̀

Títí di ìsinsìnyí, ẹkún àti ìbínú ni ìwé òǹkàwé gbé wá. Ṣùgbọ́n ìwé òǹkàwé lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọkùnrin kan wà ní Paris tó ń jẹ́ Eugène Sue. Láti 1842 dé 1843 ni ìwé ìròyìn kan níbẹ̀ ń tẹ ìtàn rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Orúkọ ìtàn náà ni Les Mystères de Paris. Ó sọ nípa àwọn olè, àwọn apànìyàn, àti àwọn tálákà tó ń gbé ní ọ̀nà tóóró ìlú náà. Sue kì í ṣe tálákà, ọmọ olówó ni. Bí àwọn ènìyàn ti ń kà á ni wọ́n ń kọ̀wé sí i. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwé wọ̀nyí ni wọ́n ṣì fi pamọ́ ní Paris. Àwọn ọlọ́lá kọ̀wé, àwọn òṣìṣẹ́ náà kọ̀wé. Àwọn kan yìn ín. Àwọn kan ní ìtàn rẹ̀ ń ba ìwà jẹ́. Àwọn kan ní kó ran àwọn lọ́wọ́. Àwọn kan sì ṣàlàyé fún un bí nǹkan ṣe rí gan-an ní ilé ẹ̀wọ̀n àti ní ilé aláìní.

Sue ka ìwé wọ̀nyẹn, ó sì fi etí sí wọn. Bí ìtàn náà ti ń lọ ni ọ̀rọ̀ ìyà àwọn tálákà àti òfin tó ń ni wọ́n lára ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Ní 1850, àwọn ará Paris dìbò fún un láti lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Òṣìṣẹ́ tó kọ̀wé sí Sue kò mọ ìwé tó Sue. Ṣùgbọ́n ó mọ ebi jù ú lọ.

Ẹ tún jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Conan Doyle. Ní 1903, ilé ẹjọ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méje. Orúkọ rẹ̀ ni George Edalji. Agbẹjọ́rò ni. Ará Íńdíà ni bàbá rẹ̀. Wọ́n ní ó ń fi ọ̀bẹ ya àwọn ẹṣin lára lóru. Irọ́ ni. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta wọ́n tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé kò jẹ̀bi. Kò lè padà sẹ́nu iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Edalji wá kọ̀wé sí Conan Doyle.

Conan Doyle lọ wò ó. Ó rí i pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé ìwé ìròyìn súnmọ́ ojú rẹ̀ gan-an kó tó lè kà á. Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà. Báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ṣe la pápá kọjá lóru láti lọ ya ẹṣin lára? Conan Doyle kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn ní 1907. Ní ọdún náà, ìjọba dárí jì Edalji, wọ́n sì dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ san owó ìtanràn kankan fún un. Ní ọdún kan náà ni wọ́n dá ilé ẹjọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, níbi tí ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ọ̀daràn lè pe ẹjọ́ rẹ̀ padà.

Ẹ fi ìwé méjì wéra wọn. Obìnrin kan kọ̀wé sí Conan Doyle pé ẹranko ni. Edalji kọ̀wé sí i pé òun ń jìyà tí kò tọ́ sí òun. Bírò kan náà ni, páálí kan náà ni, ọwọ́ òǹkọ̀wé kan náà ni ìwé méjèèjì dé. Ọ̀kan di ohun tí a fi ń rẹ́rìn-ín. Èkejì dá orúkọ ènìyàn padà fún un.

OHUN TÍ Ẹ̀FẸ̀ KỌ́ WA

Àwa ní Kétu kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa. Kétu ni wọ́n máa ń tọ́ka sí bí orísun Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ní 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun ìní gbogbo ayé. Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò ló jọ fà á kalẹ̀.

Ní òru Ẹ̀fẹ̀, eégún tó ń kọrin á jáde sí ojú ọjà. Á kí àwọn ìyá. Á súre fún ìlú. Lẹ́yìn náà á fi orin bá ìlú wí. Á bá olè wí, á bá aláṣejù wí, kò ní yọ olóyè sílẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ lù ú nítorí ohun tó kọ. Ṣùgbọ́n ìlú kì í kàn jókòó wò ó. Bí orin bá dùn, wọ́n á gbè é. Bí kò bá dùn, ohùn àwọn elégbè á lọ sílẹ̀, akọrin á sì mọ̀.

Ohun méjì ni a rí kọ́ níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé a ń dáàbò bo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ìlú. A lè kórìíra orin, a kì í lu akọrin. Èkejì ni pé akọrin kò sọ̀rọ̀ fún igi. Ènìyàn ló ń bá sọ̀rọ̀, ènìyàn sì ní ohùn tiwọn. Ìwé tí òǹkàwé kọ ni ègbè tiwa. Òǹkọ̀wé tí kò fẹ́ gbọ́ ègbè, kó lọ kọrin nínú igbó.

BÍ A ṢE LÈ BÁ ÒǸKỌ̀WÉ WÍ

Ó dára kí a kọ ìwé ìyìn. Iṣẹ́ òǹkọ̀wé jẹ́ iṣẹ́ àdáṣe, kì í gbọ́ ohùn ènìyàn bí ó ti ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyìn tí kò ní òtítọ́ nínú, oyin tó ń ba eyín jẹ́ ni. Kí a sọ ohun tí a fẹ́ràn ní pàtó. "Ìwé yín dára" kò tó. "Nígbà tí ọmọ náà kọ̀ láti jalè, mo rántí ọmọ tèmi." Ìyẹn ni ìyìn tó ní orí, tó ní ìdí.

Bí ó bá sì jẹ́ ìbáwí, ẹ jẹ́ kí a rántí ohun márùn-ún wọ̀nyí.

1. Ẹ ka ìtàn náà tán. Ẹni tó ka àbọ̀ kò lè dá ẹjọ́ odindi. Nínú ìtàn tó ń gbé ọkàn sókè, ẹni tó dà bí olè ní ojú ewé kẹwàá lè jẹ́ ẹni rere ní ojú ewé ọgọ́rùn-ún.

2. Ẹ ya ẹni inú ìtàn kúrò lára ẹni tó kọ ìtàn. Ìjàpá jalè nínú àlọ́, ìyá àgbà kò jalè. Bí òǹkọ̀wé bá fi ọ̀rọ̀ búburú sí ẹnu ọ̀daràn, ọ̀daràn ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ìtàn náà bá parí, tó sì fi yé àwọn ọmọ wa pé olè jíjà dùn, tí kò sì ní ẹ̀san, nígbà náà a lè bi òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ léèrè.

3. Ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀. Bí òǹkọ̀wé bá ní wọ́n ń gbin àgbàdo nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó mú gan-an, tí kò sí omi, àgbẹ̀ Kpankou lè kọ̀wé sí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀mọ̀wé tó ju àgbẹ̀ lọ níbẹ̀.

4. Ẹ má bú u. Ẹnu rere ní ń yọ obì lápò, ẹnu búburú ní ń yọ ọfà lápó. Ẹni tí a bú kì í gbọ́ ohun tí a sọ lẹ́yìn èébú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Bí a ti ń ṣe fún ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ká ṣe fún òǹkọ̀wé.

5. Ẹ kọ orúkọ yín sí i. Ẹni tó sọ òkò láti inú igbó, kì í ṣe ìbáwí ló fẹ́ ṣe. Àyè kan wà tí a lè fi orúkọ pamọ́: bí òtítọ́ tí a fẹ́ sọ bá lè mú kí alágbára ṣe wá níbi. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi orúkọ pamọ́ kó lè rí ààyè bú ènìyàn, òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe kò dára.

TA LÓ NI ÌTÀN?

Ẹ jẹ́ kí a wá dáhùn ìbéèrè wa. Ta ló ni ìtàn? Bí òǹkọ̀wé bá ṣì ń kọ ọ́, tirẹ̀ ni. Òun ló ń jí lóru, òun ni ẹ̀yìn ń dùn. Bí ó bá fẹ́, kó pa Holmes. Bí ó bá fẹ́, kó jí i. Ṣùgbọ́n bí ìtàn bá ti jáde, ohun tí ó ń ṣe nínú ọkàn àwọn ènìyàn kì í ṣe tirẹ̀ nìkan mọ́. Ẹkún tí a sun, tiwa ni. Owó tí a fi ránṣẹ́, tiwa ni. Ọmọ tó kà á tó sì yí ìwà padà, tiwa ni. Nítorí náà a lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀. A kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pàṣẹ.

Èyí le díẹ̀. Ó rọrùn láti dákẹ́, ó sì rọrùn láti pariwo. Kí a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ iyì ara rẹ̀ sí ẹni tí a mọ iyì rẹ̀, ìyẹn ni iṣẹ́. Ẹnì kan lè ní, "Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé, tí àmì ohùn ṣì ń dà mí láàmú, ta ni èmi láti kọ̀wé sí òǹkọ̀wé?" Ẹ má ṣe wí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹwà ọwọ́ ìkọ̀wé Edalji ló mú Conan Doyle dìde. Òtítọ́ inú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Ẹ kọ̀wé.

Ẹ JẸ́ KÍ A JỌ RÒ Ó

Bí ẹ bá pàdé ní kíláàsì, ẹ jíròrò lórí ìbéèrè wọ̀nyí.

Ǹjẹ́ ó yẹ kí Conan Doyle jí Holmes dìde? Kí nìdí?

Bí ẹ bá jẹ́ òǹkàwé Akéde Èkó ní 1930, tí ẹ wá mọ̀ pé kò sí Ṣẹ̀gilọlá, kí ni ẹ ó kọ sí olóòtú?

Ẹ mú ìtàn kan tí ẹ ti kà. Ẹ kọ ìwé kékeré sí ẹni tó kọ ọ́. Ẹ yìn ín ní ibì kan, ẹ bá a wí ní ibì kan, kí ẹ sì kọ orúkọ yín sísàlẹ̀.